Músù Kì Í Ṣe Ẹran Ọ̀sìn

Gbé e kalẹ̀! Sufyan, mo ní kó o gbé kéèjì yẹn kalẹ̀, kó o tó fi dẹ́rù ba ológbò Bàbá yín! Irú kí lèyí? A kì í kí èèyàn mọ́ nínú ilé yìí? O ti Beltsville dé, kò sí "Màámi, orúnkún ńkọ́?", abẹ́ àga lo ń bẹ̀ wò.

Asiyah ló rán ọ pé kó o wá fi àgò yẹn gbé ológbò lọ, mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti pe gbogbo ayé pé Màámi purọ́ fún dókítà. Èmi! Lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin!

Gbọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí orúnkún onírin tí wọ́n fi sí mi lẹ́sẹ̀ wú, tó ń gbóná bí ẹni gbé e léná, ta ló gbé mi lọ sọ́síbítù? Asiyah. Ta ló ń ṣe ògbufọ̀? Asiyah náà ni. Dókítà sọ̀rọ̀ títí, ọmọ yìí wá kọjú sí mi, ó ní, "Màámi, wọ́n ní ṣé ẹ ní ẹran ọ̀sìn?" Ẹran ọ̀sìn! Ní Hillcrest Heights, ní Amẹ́ríkà níbí! Ibo ni mo so ewúrẹ́ mọ́? Mo ní rárá, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣé irọ́ nìyẹn? Ta ló ń pe ológbò ní ẹran ọ̀sìn? Ìwọ tí ò ń fọwọ́ bo ẹnu yìí, wọ́n máa ń pa ológbò ṣe sàárà ni?

Ká ní ó bi mí pé, "Màámi, ṣé ológbò wà nílé?", wàláì, ǹ bá ti sọ. Ǹ bá ní ó wà, Músù lorúkọ rẹ̀, Bàbá yín ló mú un wálé, àtọjọ́ tí a sì ti sin Bàbá yín, ẹ̀gbẹ́ mi ló ń sùn. Ǹ bá ní tí mo bá fi òrí ra orúnkún, níbi tí wọ́n rán tí kò tíì jinná, ó máa ń lá a. Mo rò pé ó ń bá mi dárò ni, àṣé òrí ló ń jẹ! Ajá ni wọ́n kọ́ wa nílé kéú pé ká má jẹ́ kó lá wa. Ológbò mọ́, àbí ta ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń fún mi lóògùn tí kò bá àrùn náà mu. Wọ́n tún la ẹsẹ̀ yìí, wọ́n yọ irin, kí wọ́n tó mọ̀ pé kòkòrò inú itọ́ ológbò ni. Dókítà ní òun ò rí irú ẹ̀ nínú orúnkún onírin rí. Nínú gbogbo orúnkún tó wà ní Maryland, tèmi ló wá gbàlejò! Asiyah sì dúró lójú àwọn nọ́ọ̀sì, ó ní, "Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ purọ́?"

Dókítà fúnra rẹ̀ ò ní ká lé e o. Ó ní kí n bo egbò, kí n máa fọwọ́, kó má lá mi mọ́. Mo ti gbọ́. Pálọ̀ ló ń sùn báyìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ wà ní Suitland, ìwọ wà lọ́hùn-ún, Bàbá yín wà nínú ilẹ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, ta ló ń gbójú sókè wò mí?

Gbé kéèjì padà sínú mọ́tò. Tó o bá padà wọlé, pe Asiyah, kó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Màámi ò purọ́." Ní Yorùbá o! Kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lédè òyìnbó, ìwọ náà ò sì gbọdọ̀ bá mi túmọ̀ ẹ̀.