Òkìtì Ilẹ̀dú Tí Kò Padà Sílé

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni oorun gbé mi lọ lórí ẹní. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan fọwọ́ kàn mí. Erùpẹ̀ dúdú wà ní èékánná rẹ̀ bíi ti àgbẹ̀. Ó ní, "Dìde, bàbá. Wọ́n ń bi ọ́ léèrè ilẹ̀."

Ó mú mi dé oko bàbá wa, níbi kòtò tí àwọn tó ń wa òkúta wẹ́wẹ́ fi sílẹ̀. Láyé àtijọ́, ní yunifásítì tí mo ti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, olùkọ́ wa a máa bu ilẹ̀dú, erùpẹ̀ òkè tó lọ́ràá, sí wa lọ́wọ́, a ní ká gbóòórùn rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo sọ fún Jóṣúà àbúrò mi kí wọ́n tó gbé katakata dé: kí wọ́n kọ́kọ́ fá ilẹ̀dú jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí a gbin ẹ̀wà lé e kí òjò má bàa wọ́ ọ lọ, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ padà bí iṣẹ́ bá parí.

Jóṣúà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi fúnra mi ni n ó máa ṣọ́ ọ."

Nígbà tí mo fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, kòtò wà, òkìtì ò sí. Ó ní òjò ló gbé e lọ. Ọmọ ìyá mi ni. Mo gbà á gbọ́ títí ó fi kú tí a sin ín.

Aláṣọ funfun náà, olùtọ́nà mi, mú mi sọ̀ kalẹ̀ sínú ooru. Mo rí àwọn òpùrọ́: bí wọ́n bá ti lanu, òkúta wẹ́wẹ́ a dà jáde, wọ́n a ṣà á, wọ́n a tún gbé e mì. Mo rí àwọn aninilára tí wọ́n ń fi eyín họ àpáta kí wọ́n lè rí ibi gbin hóró àgbàdo kan, iná ń jó wọn, ebi ń pa wọ́n, mo ní kí n sá, ẹnìkan di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú, mo bojú wolẹ̀, Jóṣúà ni!

"Jóṣúà, ilẹ̀dú bàbá wa dà?"

Òkúta já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì tí àgbàrá gbẹ́ ni mo fi dí, lọ́dún tí wọ́n fi mí ṣe alága ìkórè. Ẹ̀yin náà jó lórí rẹ̀. Ẹ tiẹ̀ ní ilẹ̀ náà dúdú dáadáa. Ẹ ò bi mí léèrè."

Olùtọ́nà ní, "Òótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ nìyẹn."

Ó fà mí gòkè síbi tó tutù. Àwọn olóòótọ́ ń sinmi lábẹ́ igi ọsàn, bàbá wa wà láàárín wọn. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó bu erùpẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí bí ẹni wo àlejò.

Mo ní, "Ṣé mo lè jókòó?"

Olùtọ́nà ní, "Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá padà."

Mo ta jí. Oòrùn ò tíì wọ̀. Mo gbé ọkọ́ wá gbẹ́ ẹ̀yìn àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì wa yìí. Nínú ilẹ̀ dúdú náà ni mo ti rí àfọ́kù yìí. Ẹ wò ó. Ìkòkò omi bàbá wa lóko ni. Mo mọ ọnà ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú. Ní Sátidé, ẹ mú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì wá, ká kó ilẹ̀dú yìí padà sóko bàbá wa. A ó fi yangí dí ibí. Ẹ má sọ fún mi pé ti Ọlọ́run ló ti dà. A kì í fi ohun tí a jí jó fún Ọlọ́run. Ẹni tí kò bá ní gbẹ́, kó kúrò lórí ilẹ̀ bàbá mi.