Ọmọ Mi Mọ Ògiri Jù Mí Lọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí à ń pariwo. Ojú ń tì mí. Láti ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọmọ mi obìnrin, Bólátitó, ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ síwájú mi, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi mọ́, èmi náà kò sì lè wo tirẹ̀. Kò bú mi. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ì bá tilẹ̀ bú mi, ì bá sàn fún mi! Ta ni yóò gbọ́ pé baba ń jowú ọmọ tó bí, tí kò ní tutọ́ sílẹ̀? Èmi ni baba náà.

Lébírà ni mí, ní Ìkẹ́rẹ́ níhìn-ín. Ìwé kẹrin ni mo kà dé tí baba mi fi já bọ́ lórí igi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe é lọ oko mọ́, tí èmi sì di ẹni tó ń ru ẹrù fún àwọn bíríkìlà. Mo po sìmẹ́ńtì, mo ru búlọ́ọ̀kù títí irun orí mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ṣùgbọ́n kò sí ògiri kan tí mo lè na ọwọ́ sí pé èmi ni mo mọ ọ́n. Nígbà tí wọ́n wá yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, ilé ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní Adó bí olú, àmọ́ àjèjì ni àwọn agbaṣẹ́ṣe ń kó wá kọ́ ọ. Ìjọba ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n kọ́ ọmọ ilẹ̀ níṣẹ́.

Bí ètò náà ṣe yé mi nìyí. Adó ni owó wà, ṣùgbọ́n Adó fúnra rẹ̀ kì í kọ́ ẹnikẹ́ni. Ó pín àyè fún káńsù kọ̀ọ̀kan ni. Káńsù tiwa ní òṣìṣẹ́ kan, obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Káńsù, tó ń gun ọ̀kadà kiri ṣọ́ọ̀ṣì àti abà láti wá ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́. A ó jókòó ní kíláàsì fún ọjọ́ díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ tó kù, a ó wà lábẹ́ ọ̀gá bíríkìlà gidi lẹ́nu iṣẹ́, ìjọba ló sì ń sanwó fún ọ̀gá náà kó lè kọ́ wa. Bó bá yá, àwọn ará Adó yóò wá dán wa wò, wọn yóò sì fi ẹni tó bá yege sọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́ ilé ìjọba. Ẹni tó bá ṣì ń gbé lọ́dọ̀ òbí gbọ́dọ̀ ní onídùúró tí káńsù yóò máa bá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ìyàwó mi ló ní kí n lọ. Bólátitó ti parí ìwé mẹ́wàá, Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e ṣubú, òun náà bá tẹ̀lé mi pé òun fẹ́ kọ́ aṣọ rírán tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀. Aṣọ rírán ti kún, irun ṣíṣe ti kún, bíríkìlà nìkan ló ṣẹ́kù. Ó ní, "Ẹ fi mí síbẹ̀." Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni mo fi dúró fún un, mo rò pé kò ní pẹ́ sá.

Kò sá o! Ohun tí olùkọ́ bá wí lẹ́ẹ̀kan, ó ti yé e. Èmi tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ kí wọ́n tó bí i, ọwọ́ mi le, okùn tí a fi ń wo bí ògiri ṣe dúró ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, a ń mọ igun ilé kan, ọ̀gá wa, bàbá kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, dúró wo igun tèmi. Ó ní, "Bàbá Bólátitó, ulé yìí mutí ni?" Ó fi ẹsẹ̀ tì í, búlọ́ọ̀kù mi wó lulẹ̀. Ó wá pe ọmọ mi kó wá tún un mọ, ó ní kí èmi máa po sìmẹ́ńtì fún un. Ẹ̀rín ta! Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ ń kígbe pé, "Lébírà, ọ̀gá yín ń dúró o! Ẹ tètè gbé búlọ́ọ̀kù wá, kí wọ́n má bàa lé yín!" Bólátitó kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú," ó sì lọ gbé búlọ́ọ̀kù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Igun náà dúró ṣánṣán. Nígbà tí a délé, kò sọ fún ìyá rẹ̀. Bó ṣe ṣàánú mi yẹn gan-an ló dùn mí ju ẹ̀rín lọ. Gbogbo wa là ń ṣe àmín sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ á ju baba lọ. Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ lójú mi, àmín kò jáde.

Àwọn ará Adó dán wa wò. Wọn kò mú mi. Àǹtí Káńsù wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní wọ́n mú Bólátitó, agbaṣẹ́ṣe kan ń dúró dè é ní Adó, yàrá tí yóò máa sùn wà, ọ̀rọ̀ èmi onídùúró rẹ̀ nìkan ló kù. Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi: "A ti fi í fún ọkọ. Kò ní lè lọ." Ọkọ wo? Àna wo? Kò sí ẹnì kankan! Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ṣé ọmọ náà mọ̀?" Mo ní ó mọ̀. Ó mi orí, ó ní ó ṣe ni láàánú, àwọn yóò fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀.

Mo délé, mo sọ fún ọmọ mi pé àwọn ará Adó ní àwọn kò gba obìnrin. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó wá ń tù mí nínú! "Bàbá mi, wọn kò mú ẹ̀yin náà. A ó jọ máa bá a yí níhìn-ín." Láti ìgbà náà ló ti ń bá ìyá rẹ̀ yan gààrí nínú èéfín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó mọ́: àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́, Bólátitó ló sọ fún wọn pé kí wọ́n má da ara wọn láàmú, wọn kò gba obìnrin. Wọ́n jókòó sílé. Irọ́ mi ló há ọ̀nà mọ́ wọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Àǹtí Káńsù wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa láti kéde ìpele kejì ètò náà. Bí a ṣe jáde, ó rí ọmọ mi, ó ní, "Bólátitó, o ṣì wà nílé? Ọkọ rẹ ńkọ́?" Ọmọ mi ní, "Ọkọ wo, Àǹtí?" Ó yí ojú sí mi, ó sì gbé ojú kúrò lára mi.

Mo fa Àǹtí Káńsù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo jẹ́wọ́. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá, wọ́n mú ọmọ yín nínú gbogbo àwọn tí a kó jọ, ẹ wá fi ọwọ́ ara yín dá a padà?" Ó ní àyè Adó ti lọ, ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe kan tó ń kọ́ ilé ìwòsàn ní Ọ̀rùn-Èkìtì ń wá ènìyàn, òun sì lè fi í síbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni òun ń bọ̀ wá sílé wa láti gbọ́ èsì lẹ́nu ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ó ní bí n kò bá tíì sọ òtítọ́ fún un kí òun tó dé, òun yóò sọ ọ́ lójú mi, lójú ìyá rẹ̀.

Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí. Ó dáhùn, ó wá, ó kúnlẹ̀, ó ń wo ilẹ̀, ó ń dúró de ọ̀rọ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ mo ní kó bá mi bu omi. Ní ìgbà kejì mo béèrè ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi fúnra mi rí ìyá rẹ̀ nígbà tó ń jáde lọ. Mo rò pé ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo rò pé ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni. Ilẹ̀ baba mi kò kọ́ mi bí àgbà ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti bẹ ọmọ yín rí, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ wo lẹ fi bẹ̀rẹ̀?