Òwú Pupa Lẹ́sẹ̀ Akọ Ọ̀kín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí ẹ̀rín tí ẹ rín láàárọ̀, nígbà tí mo ní akọ ni ọ̀kín tuntun yẹn, òun ló gbé wa dé ibi tí a wà yìí, tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí kọ́kọ́rọ́ ilé ẹyẹ sì wà nínú àpò yín.

Akọ ni. Mo wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gùn ju ti abo lọ, mo kọ "akọ" sínú ìwé; ẹ fa igi lé e, ẹ kọ "abo," ẹ so òwú pupa tí a fi ń mọ abo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹ sì tì í mọ́ ọ̀dọ̀ Baálé, àgbà akọ tí kì í fẹ́ rí akọ mìíràn. Kí ni ẹ̀rí yín? Pé kò ní ìrù gígùn. Ọmọ ọdún kan ni! Ọ̀kín wo lẹ rí tó gbé ìrù jáde láti inú ẹyin?

Rárá, n kò sọ pé torí ó na ìrù kékeré rẹ̀ ni. Abo náà a máa na tirẹ̀. Ìyẹ́ apá ni mo wò: ó pọ́n bí irin tó dípẹtà. Ti abo kì í pọ́n bẹ́ẹ̀.

Ìfẹ́ kẹ̀? Ẹ wá yọjú níbi wáyà yìí. Tí Baálé bá rí abo, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, á na ìrù, á máa gbọ̀n ọ́n, á máa yí bírí bí ọkọ ìyàwó. Lónìí ó ká ìrù nílẹ̀. Wọ́n ń yí po lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò fọhùn. Ẹni tó ń wọn ọ̀tá rẹ̀ wò ló ń rìn bẹ́ẹ̀. Àpá èékánná Baálé ṣì wà lápá mi, oúnjẹ lásán sì ni mo gbé wọlé fún un lọ́jọ́ náà.

Kí a dúró de ọ̀gá? Ẹ gbọ́ ìró yẹn? Baálé ti fò mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan.

Mo gbà, n kò gbọ́n jù yín lọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi ń tọ́ ẹyẹ. Bó bá jẹ́ igi tí ẹ fà sínú ìwé ló ń dẹ́rù bà yín, n ó kọ ọ́ pé èmi ni mo ṣì í. Ẹ sáà mú kọ́kọ́rọ́ wá, kí ẹ di àwọ̀n mú lẹ́nu ọ̀nà. Èmi tí ẹ̀rù ń bà ni n ó wọlé. Tó bá jẹ́ abo ni mo gbé jáde, ẹ tú òwú pupa yẹn, kí ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ tèmi.