Fèrè Bàbá Tí Wọ́n Fi Omi Wúrà Kùn

Ní èbúté Ìpakòdò, níbi tí a tò sí tí à ń dúró de ọkọ̀ ojú omi, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láàárín bàbá kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé sasofóònù àtijọ́ dání, èyí tí idẹ ara rẹ̀ ti ṣú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Mò ń gbé e lọ kí wọ́n bá mi ha á, kí wọ́n sì fi omi wúrà kùn ún, sà. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní kúáyà."

"Fọn ọ́n kí n gbọ́."

Ó fọn ọ́n díẹ̀. Ohùn náà kún, ó sì rọ̀. Bàbá náà mi orí.

"Má kùn ún, ọmọ mi. Irú ẹ̀ ni bàbá mi fọn títí ojú wọn fi fọ́, kí wọ́n tó fi lé mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ wọn, mo fẹ́ kó dán lójú ìjọ, mo bá lọ kùn ún láìsọ fún wọn. Bí mo ṣe ń fọn ọ́n, wọ́n tẹ́tí, wọ́n tẹ́tí, wọ́n wá ní, 'Fèrè ta nìyẹn?'"

"Kí lẹ wá sọ, sà?"

"Ojú tì mí. Mo ní mo yá a ni. Wọ́n ní, 'Dá a padà fún ẹni tó ni ín. Tèmi ni kó o máa fọn.' Ohun tí wọ́n ń sọ fún mi nìyẹn títí wọ́n fi kú."

Bàbá náà fọwọ́ pa idẹ sasofóònù náà tó ti ṣú.

"Tiwọn dà, tí mo fẹ́ fọn?"