Ìyókù Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Nípa Káàdì Báǹkì

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Màmá Díkónẹ́ẹ̀sì pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, “Ìyá Tọ́mi, ẹ̀rí rẹ ti ń ṣi àwọn ọ̀dọ́ lọ́nà o. Arábìnrin kan tún fẹ́ dúpẹ́ pé báǹkì fún òun ní káàdì ńlá. Kọ ìyókù ẹ̀rí rẹ kí ó tó bọ́ síwájú ìjọ.” Ìdí rèé tí mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìtìjú mi pọ̀ ju èyí tí mo lè gbé lọ. Ẹ ó rántí pé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo jó wá síwájú, mo ní Ọlọ́run ti sọ àgbègbè mi di ńlá. Báǹkì gbé iye tí mo lè ná lórí káàdì láti ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là sí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, láìjẹ́ pé mo béèrè. Gbogbo yín ṣe Halelúyà. Mi ò purọ́. Gbèsè ni mo pè ní ìbùkún.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ó máa ń wúkọ́, òtútù ìlú yìí sì ń bà mí lẹ́rù. Mo ra jákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta fún un, bàtà yìnyín méjì tó ti kéré kó tó wọ̀ wọ́n, àti ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní Port Credit tí ó lọ lẹ́ẹ̀mejì péré.

Nígbà tí wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ mi kù ní ilé ìkẹ́rùsí ní Bolton, káàdì ti kún, mi ò sì rí owó ilé oṣù méjì san. Onílé lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn: kí n san án láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, àbí kí n kó jáde. Mo yára já a, ṣùgbọ́n Tọ́mi, ọmọ ọdún méje, ti kà á.

“Mummy, are we moving?”

Mo ní rárá. Kí n tó jáde nílé ìdáná, ó ti ń kó àwọn ọmọláńgidi rẹ̀ sínú báàgì.

Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Owó kankan kò já bọ́. Ohun tó ṣáà ń wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n sọ fún Màmá Díkónẹ́ẹ̀sì, ìtìjú kò sì jẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, mo pè wọ́n. Wọ́n dé, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ Tọ́mi, wọ́n sì rí jákẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Ọmọ mélòó lo bí?”

“Ọ̀kan, mà.”

“Ara mélòó ló ní?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún.

Àwa méjèèjì la jọ pe onílé. Ó gbà kí n san ìdá kan nínú mẹ́rin lójú ẹsẹ̀, kí n pín ìyókù sí oṣù mẹ́fà. Màmá tún mú mi lọ bá agbaninímọ̀ràn kan lórí ọ̀rọ̀ gbèsè, tí kì í gbowó. Ó bá báǹkì sọ̀rọ̀, èlé sì dín kù. Lọ́sẹ̀ kejì, ilé iṣẹ́ dá wákàtí mi padà.

Ní báyìí, bí owó bá ti wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, owó ilé ni mo kọ́kọ́ ń gbé sínú àkáǹtì tí kò ní káàdì. Ohun tí mo bá fẹ́ rà fún Tọ́mi, a ó dúró ọjọ́ méje ná. Láìpẹ́ yìí, mo di fìlà kan mú ní ṣọ́ọ̀bù, Tọ́mi wò mí. “Mummy, seven days.” Mo dá a padà. Ọjọ́ méje kò tíì pé tí mo ti gbàgbé àwọ̀ rẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni mo san gbèsè káàdì tán. Ilé kan náà la ṣì ń gbé. Ẹ bá mi jó. Èyí gan-an ló yẹ ká jó fún, Ọlọ́run ló sì ni ògo rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí owó ilé bá há lọ́rùn nínú wa, kó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.