Inú Oko Ẹ̀gẹ́ ni Bàálù Wa Balẹ̀ Sí

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí. Òmíràn ni ẹ̀ bá máa sọ nípa mi báyìí.

Ẹ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní Àkúrẹ́, mò ń tọ́jú màmá àgbà kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú. Dókítà ní ká gbé wọn lọ sí Ìbàdàn. Ara wọn ò lè gba gbágungbàgun ọ̀nà, ni àkọ́bí wọn bá háyà bàálù kékeré kan, òun fúnra rẹ̀ sì wọ mọ́tò. Màmá, èmi àti páílọ́ọ̀tì nìkan la wà nínú bàálù náà.

A kọ́kọ́ ń lọ dáadáa. Òjò ṣú níwájú, páílọ́ọ̀tì bá yà sápá ọ̀tún láti yẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ la wà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tó ń wúkọ́, tó sì kú pátápátá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí odò Ọ̀ṣun. Mo rò pé ìtòsí ilé níbí ni màá kú sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni páílọ́ọ̀tì, kò pariwo. Ó ní, “Mà, mi ò lè dé Ìbàdàn mọ́. Ẹ so bẹ́líìtì yín le, kẹ́ ẹ di orí màmá mú.”

Ó fẹ́ balẹ̀ sójú títì ní Sekona, ṣùgbọ́n mọ́tò àti ọ̀kadà kún ibẹ̀, ló bá kọrí sí oko. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí nínú ẹgbẹ́ aládùúrà. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Màmá ló gbé ọwọ́ wọn kan tó ṣì lágbára lé mi lórí. Ẹnu wọn ti wọ́, wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà jáde díẹ̀díẹ̀: “Olúwa, èmi ti gbó. Dá àwọn ọmọ yìí sí.”

Bàálù kọlu ebè, táyà kan já dànù, ẹ̀gẹ́ ń na wíńdò, a yí bìrí, a sì dúró. Páílọ́ọ̀tì ní ká tètè jáde nítorí epo tó ń jò. Àwa méjèèjì la gbé màmá jáde. Iwájú orí páílọ́ọ̀tì bẹ́, èjìká mi yẹ̀, ṣùgbọ́n màmá ò tilẹ̀ fara pa.

Ìyá tó ni oko náà àti ọkọ rẹ̀ sáré dé. Bàbá ń sọ pé alihamudulilahi. Páílọ́ọ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì nítorí ẹ̀gẹ́ wọn tó bàjẹ́. Ìyá náà ní, “Ẹ̀gẹ́ á tún hù. Ẹ jẹ́ ká gbé màmá bọ́ sábẹ́ igi.” Wọ́n fún wa lómi, wọ́n wá ọkọ̀ tó gbé wa dé ọsibítù ìlú wa níbí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni àkọ́bí màmá wá fi mọ́tò gbé wọn lọ sí Ìbàdàn, jẹ́jẹ́, nítorí ọ̀nà tó kù ò jìn mọ́.

Lánàá, wọ́n pè mí láti Ìbàdàn. Màmá gba fóònù fúnra wọn, wọ́n ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ẹ̀yin ará, ẹnu tó wọ́ ló gbàdúrà yẹn, Ọlọ́run sì gbọ́ ọ yékéyéké. Ògo rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Èjìká mi ṣì ń dùn mí, mi ò lè gbọ́wọ́ sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé tiyín sókè.