Omi Tí Wọ́n Bù Wá Kí Mi

Lórí bẹ́ǹṣì onígbàjámọ̀ kan ní Mafoluku, láyé ìgbà tí owó epo ń ṣàn káàkiri ìlú, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà ọkùnrin kan àti ọ̀dọ́ tó jókòó tì í.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ra ọkọ̀ ojú omi. Ní Mafoluku yìí? Gọ́tà wo lẹ fẹ́ wà á sí?"

"Máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀pẹ́ ló wà. Ó ní ẹ́ńjìnnì, ó ní yàrá tí èèyàn lè sùn sí. Torí ìyá mi ni mo ṣe rà á. Òjò pa wọ́n títí lójú ọ̀sà, nígbà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé wa lọ sọ́jà."

"Inú Màmá á mà dùn o!"

"Wọn ò wọ̀ ọ́. Wọn kì í wọ ọkọ̀ láìkọ́kọ́ tọwọ́ bomi, kí wọ́n fi kan iwájú orí. Ọkọ̀ tèmi ga, ọwọ́ wọn ò tó omi."

"Ẹ fi ike bù ú fún wọn."

"Mo bù ú. Wọ́n ní, 'Omi tí wọ́n bù wá kí mi kọ́ ni omi tí mo wá kí.'"



"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tà á jàre."

"Rárá o. Màá so ọkọ̀ àjẹ̀ mọ́ ọn nídìí, kó máa fà á lọ. Ibẹ̀ ni Màmá á jókòó sí."

"Ta ni yóò wá wà nínú yàrá?"

"Kò sẹ́ni kankan. Ẹsẹ̀ ìyá mi, nínú ọkọ̀ àjẹ̀, ni mo ti máa ń sùn láti kékeré."